Ẹ́límẹ́ǹtì yín kò tíì kọ ohunkóhun fún yín

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn:

"Ẹ káàsán o, Mà. Ayàwòrán ni mí. Láti oṣù tó kọjá ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ti ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ lọ́jọ́ Sátidé, tí a jọ ń hùmọ̀ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì (èròjà ìpìlẹ̀ tí ohun gbogbo fi wà, bíi irin àti wúrà) tí kò sí láyé rí. A ti ní mẹ́rìnlá. A ya wọ́n, a fún wọn lórúkọ àti àmì bíi ti inú ìwé kẹ́mísìrì. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ní ìkẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wù wá kí a fi wọ́n ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń fi ohun tí kò sí ṣe ìdánwò? Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, apòògùn ni wọ́n, tún ti sọ fún mi pé irọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, pé wọ́n á lọ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú WAEC. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tí o tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gáàríọ̀mù, tó ń wú bí omi bá kàn án, pa mí lẹ́rìn-ín. Ariwóníọ̀mù, tí ẹ ní wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ní gáréèjì Ìwó Road, pa mí lẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbèsèníọ̀mù kò pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dá mi dúró. Màá padà sórí rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá tó kù, kí n tó se ọbẹ̀ alẹ́ tán, mo ti gbàgbé wọn.

Kì í ṣe pé ẹ ò lọ́gbọ́n lórí. Gáàríọ̀mù yẹn, gàrí ni. Gàrí tó dé fìlà. Kò sí ohun tí Gáàríọ̀mù ń ṣe tí gàrí kò ti ń ṣe kí wọ́n tó bí bàbá rẹ, nítorí náà bí ẹ̀rín orúkọ rẹ̀ bá ti tán, kò ku ohun kan tí èèyàn fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ibi tí bàbá apòògùn ń nàka sí.

Èmi ò mọ àwòrán yà. Kẹ́mísìrì ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ girama nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n aláró ni ìyá tó bí mi. Ìkòkò aró mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ilé wa nísàlẹ̀ Màpó. Ewé ẹlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ ló ń wọ inú ìkòkò, pẹ̀lú omi eérú tí wọ́n ti sẹ́. Ó di ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kan dáadáa. Ìyá mi á ki ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á ní "ó kù díẹ̀" tàbí "ó ti dé". Bí aṣọ bá jáde nínú aró, kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, á máa di búlúù lójú rẹ báyìí, bí ẹni pé ẹnìkan ń kùn ún láìfọwọ́ kàn án.

Mo ti wọ yunifásítì kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọ̀ inú ẹlú kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan tó ń kan nínú ìkòkò ló ń yí i padà sí irú mìíràn tó lè yòrò, tó lè wọnú òwú. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló sì ń dá a padà sí irú tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí kò lè yòrò mọ́, tó fi dì mọ́ aṣọ títí aṣọ fi gbó. Ìyá mi kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni èèwọ̀ aró: ohun tí kì í gbà, ìgbà tí kì í gbà, ọwọ́ tí kì í fẹ́. Bí aró bá sì kọ̀, ó kọ̀ nìyẹn. O lè bẹ Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, títí ilẹ̀ fi máa ṣú, aṣọ á ṣì jáde bí èyí tí wọ́n fi omi ewédú fọ̀.

Ọmọ mi, ẹ́límẹ́ǹtì yín kò tíì kọ ohunkóhun fún yín rí. Gbogbo ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Ẹrú ló jẹ́, ta ló fẹ́ mọ ìròyìn ẹrú tí kò lè sọ pé rárá? Ẹ fún un ní èèwọ̀, ẹ ó rí i pé Sátidé á kéré fún yín.

Ẹni tó mọ eré yìí ṣe jù láyé, ará Rọ́ṣíà ni, kì í sì í ṣe ayàwòrán. Ní 1869, Mendeleev to nǹkan bí 63 ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n mọ̀ nígbà náà bí wọ́n ṣe wúwo sí, ó sì rí i pé ìwà wọn ń padà wá, bí ọjọ́ ọjà ṣe ń padà wá. Níbi tí kò ti rí ẹni tó bá àyè mu, kò ti ẹlòmíràn sí i tipátipá. Ó fi àyè náà sílẹ̀, ó ní ẹni tó ni ín ń bọ̀. Ní 1871 ó jókòó, ó kọ ìwà àwọn mẹ́ta nínú àwọn tí kò tíì dé yìí sílẹ̀: bí wọ́n á ṣe wúwo tó, àwọ̀ wọn, ohun tí wọ́n á bá dàpọ̀. Ó pe ọ̀kan ní eka-aluminium. Èdè Sanskrit ni "eka", "ọ̀kan" ló túmọ̀ sí. Ìyẹn ni pé, ẹni tó tẹ̀ lé aluminium.

Ní 1875, Lecoq de Boisbaudran ní Faransé rí irin tuntun kan, ó pè é ní gallium: eka-aluminium Mendeleev ti dé. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní bí omi bá jẹ́ 1, irin yìí jẹ́ 4.7. Mendeleev kọ̀wé sí i láti Rọ́ṣíà pé ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n yẹn kò pé, ó yẹ kó súnmọ́ 5.9, ẹ tún un ṣe. Fojú inú wò ó: ẹni tí kò rí nǹkan náà rí ń sọ fún ẹni tó mú un lọ́wọ́ pé kò mọ̀ ọ́n! Ọkùnrin náà fọ irin rẹ̀ mọ́ dáadáa, ó tún un wọ̀n. 5.9 ni. (Gallium yìí á wù ọ́ o. Ní nǹkan bí 29.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń yọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìbàdàn, nínú yàrá tí fáànù kò yí, omi ló máa jẹ́ lórí tábìlì rẹ.) Ní 1886, Winkler ní Jámánì rí germanium, òmíràn nínú àwọn mẹ́ta náà. Mendeleev ti ní ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ á jẹ́ 72. Ó lé díẹ̀ sí 72.

Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ o. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé kò lómìnira. Ẹ́límẹ́ǹtì tó hùmọ̀ ní aládùúgbò lókè, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sì lè sọ ohun tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní jẹ́ kó sọ. Bí ọmọ tí wọ́n bí sínú agboolé ńlá: ó ti ní ìwà kí ó tó ní orúkọ. Tiyín, orúkọ lẹ kọ́kọ́ sọ.

Wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 1869 kan náà, òṣùpá bo oòrùn lójú, wọ́n sì ń wò ó láti Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi ẹ̀rọ tú ìmọ́lẹ̀ tó yí oòrùn ká wò rí ìlà àwọ̀ ewé kan tí kò bá ti ẹ́límẹ́ǹtì kankan mu. Wọ́n ní tuntun ni, ó di coronium. Má dá wọn lẹ́bi: ní 1868 ni wọ́n rí ìlà àwọ̀ ìyeyè kan bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó di helium, Ramsay sì rí helium náà lórí ilẹ̀ ayé ní 1895. Coronium wá ń dúró de ti ẹ̀. Mendeleev fúnra rẹ̀, nígbà tó darúgbó, wá àyè fún un. Ó tó nǹkan bí 70 ọdún kí Grotrian àti Edlén tó fi hàn pé irin ni. Irin lásán, irin Ògún tí a fi ń rọ àdá, tó gbóná débi pé 13 nínú elektrọ́nù 26 tó ní (àwọn hóró tíntìntín inú átọ́ọ̀mù rẹ̀) ti sá fi í sílẹ̀.

Kí ló jẹ́ kí àṣìṣe náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìwà kan ṣoṣo ni coronium ní: ìlà àwọ̀ ewé kan. Ẹni tí a kò mọ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń fọhùn? Ariwóníọ̀mù yín náà nìyẹn. Ó ń pariwo, ó parí.

Phlogiston burú jù ú lọ. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n gbà pé ohun kan wà nínú igi àti irin tó ń jáde lọ bí wọ́n bá jó. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé irin tí wọ́n sun ń wúwo sí i dípò kó fúyẹ́, àwọn kan dáhùn pé phlogiston náà ni kò wúwo rárá, pé ìwúwo rẹ̀ kéré sí òfo! Ohun tó ń gbà fún gbogbo ènìyàn. Lavoisier, oníkẹ́mísìrì ará Faransé, kàn ń gbé nǹkan lé òṣùwọ̀n ni, títí phlogiston fi tán.

Ó yá, Gbèsèníọ̀mù. O kọ̀wé pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ló dá a sílẹ̀, pé "bí wọ́n bá pín in sí méjì, ìlàjì kọ̀ọ̀kan á wúwo bí odindi". Ẹ ya òkúta tó fọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá lọ. Ọmọ mi, ẹ gbé wúrà sọnù.

Ẹ jẹ́ ká bá a lọ síbi tó ń lọ. Ká ní òkúta rẹ̀ kan wúwo kílò kan. O là á sí méjì, ó di kílò méjì. O la ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, ó di mẹ́rin. Bí o bá là á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, 1,024 kílò ló wà níwájú rẹ, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kò sì tóbi ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ. Ta ló máa gbé e? Ẹni tó bá dà á sínú odó tó ń gún un, kó tó kúnná, odó á ti wọlẹ̀, ọmọrí odó á tẹ̀ lé e. Nítorí náà kò lè sí ìyẹ̀fun Gbèsèníọ̀mù láyé. Kò lè sí eruku rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọyẹ́ ọjọ́ kan á ti tẹ gbogbo Ìbàdàn rì láti Màpó dé Ọ̀jọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ṣì wà. Nítorí náà, yálà kì í fọ́ fúnra rẹ̀, tàbí fífọ́ rẹ̀ ní ibi tó dópin.

Ìyẹn èèwọ̀ kan. Ṣé o rí i pé a kò dá a sílẹ̀? A bá a níbẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ló fi í síbẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ tún bi í. Kí ni àwọn ìyá Bódìjà máa ṣe sí i? Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, òòlù kékeré kan ti tó òǹtajà láti di olówó. Ẹni tó rà á á tún là á, á tún un tà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò ní níye lórí mọ́, wọ́n á máa fi dí ihò ọ̀nà. Bí a bá wá so àwọn ègé rẹ̀ pọ̀ padà ńkọ́? Ṣé ó ń fúyẹ́? Bó bá ń fúyẹ́, a jẹ́ pé bí gbèsè èèyàn ogún bá wà lójú kan, ẹnìkan á gbé e. Àwọn tó ń dá àjọ ti mọ èyí tipẹ́. Bí kò bá fúyẹ́, níbo ni ìwúwo náà wà kó tó fọ́? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti bèèrè pé, "Ṣé nǹkan gidi lè ṣe báyìí?" Ìgbà yẹn ni ìwọ á sọ fún wọn pé rárá, pé nínú gbogbo ìdàpọ̀ tí àwọn oníkẹ́mísìrì ń ṣe, iye tó wọlé ni iye tó jáde, pé Lavoisier ló fi òṣùwọ̀n fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ òfin yẹn sára bọ́ọ̀dù. Mi ò rí ọmọ kan tó dùn mọ́ rí. Bí wọ́n bá rí ohun tó rú u, tí wọ́n rí bí ayé ṣe máa rì, wọn ò ní gbàgbé rẹ̀.

Báyìí, ìdánwò. Èdè wa kò ya èyí tí apòògùn ń bẹ̀rù sọ́tọ̀ sí èyí tí ìwọ ń wá. Ìdánwò náà ni wọ́n ń jẹ́. Ohun tí mo máa sọ fún ọ ni pé ẹni tó dá ẹ́límẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń dán an wò. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Òpin sáà kan ni, òjò dá wa dúró sí kíláàsì, kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ mọ́. Mo mú agolo mílìkì tó ṣófo, mo ní ẹ́límẹ́ǹtì kan wà nínú rẹ̀. Mo kọ èèwọ̀ rẹ̀ sórí bébà, mo ká a, mo fi sábẹ́ agolo. Mo ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n sí i, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èmi á fi ọwọ́ lu tábìlì: ẹ̀ẹ̀kan bó bá gbà, ẹ̀ẹ̀mejì bó bá kọ̀.

Wọ́n "fi iná sí i". Ó gbà. Wọ́n "dà á sínú omi". Ó kọ̀. Wọ́n "tún fi iná sí i". Ó kọ̀! Ariwo ta. Ọmọkùnrin kan ní mò ń rẹ́ wọn jẹ. Òmíràn ní iná ló ń gbà bí kò bá tíì rí omi. Ó sì dára, ó jọ òótọ́, wọ́n fi bí ogún ìṣẹ́jú rìn lọ́nà yẹn. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló wá ní kí gbogbo wọn dákẹ́, kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe ohun kan ṣoṣo, kí ẹlòmíràn wá tún un ṣe gẹ́lẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé ẹni tó bá jókòó ni ẹ́límẹ́ǹtì náà ń dá lóhùn, kì í gbọ́ ti ẹni tó dúró. Ohun tó wà lórí bébà nìyẹn: "Kì í gbọ́ ti ẹni tó bá dúró lé e lórí." Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ wọn pé kí wọ́n yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí ìyókù dúró. Agolo mílìkì ló kọ́ wọn.

Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ayàwòrán ni yín, ẹ ó ṣe é dára jù mí lọ. Kí ẹnì kan jẹ́ olùpamọ́, ẹni tó kọ èèwọ̀ náà sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ yí ohun tó kọ padà, bí wọ́n bá fẹ́ mú un tàbí tí wọ́n sún mọ́ ọn pàápàá. Kí ó fi ìlù dáhùn, tàbí àwọ̀, tàbí kí ó kàn yí ìkòkò kan padà. Kí àwọn yòókù ní ìwé tí wọ́n ń kọ: ọjọ́, aago, ohun tí a ṣe, ohun tí a rí. Àwọn ìwé yẹn, bí ẹ bá fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ yín lọ́jọ́ kan, á wu èèyàn wò ju òkúta tí ẹ kùn lọ.

Àwọn ayàwòrán ti ń ṣe irú èyí tipẹ́. Ní 1913, Marcel Duchamp ní Faransé mú òwú tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, ó gbé e ga ní mítà kan, ó jẹ́ kó já bọ́. Bó ṣe wọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ní òun ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, ó sì gé igi tẹ̀ lé wíwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di mítà mẹ́ta tí kò bá ara wọn mu. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni èèwọ̀ tó fún ara rẹ̀: kò gbọdọ̀ fọwọ́ tún òwú náà ṣe. Nílé níbí, ìwọ tí o ń gbé Mọ́kọ́lá, rìn dé Orèméjì kí o lọ wo ilé tí Demas Nwoko kọ́. Ilẹ̀ pupa tí gbogbo wa ń tẹ̀ ló pò mọ́ sìmẹ́ńtì, ó sọ ọ́ ní Latcrete, ó fi í mọ ilé. Ní 2023 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice, nílẹ̀ Ítálì. Èyí kì í ṣe eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ayàwòrán tó dárúkọ ohun èlò tuntun ni, ohun èlò náà sì lè wó lé e lórí bí kò bá mọ èèwọ̀ rẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Ẹ jáwọ́ nínú "íọ̀mù" yẹn, jàre. Àwọn tó ń dárúkọ ẹ́límẹ́ǹtì lágbàáyé ń fi ìparí orúkọ sọ ìdílé: ìdí tí ẹ́límẹ́ǹtì 117 fi ń jẹ́ tennessine, tí 118 ń jẹ́ oganesson nìyẹn, nígbà tí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ ní 2016. Tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ló ń sọ ìdílé. O gbọ́ Àyàn, o mọ̀ pé onílù ni. O gbọ́ Ọdẹ, o gbọ́ Ọ̀jẹ̀, o mọ ilé tó ti wá. Ẹ tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Kí ìdílé Àyàn jẹ́ àwọn tí ohùn ń gbé dìde: Ariwóníọ̀mù á di Àyànkígbe, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jẹ́ Àyàndákẹ́, tó ń gbé ariwo mì tí kì í dáhùn, bí àwọn gáàsì tí kì í sábà bá ẹnikẹ́ni dàpọ̀. Ìdílé Ọdẹ, òru nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìdílé Ọ̀jẹ̀, ẹ kì í rí ojú wọn, aṣọ tó bò wọ́n nìkan lẹ lè dán wò. (Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń sọ àwọn gidi lórúkọ, fluorine ni màá pè ní ọmọ Ìbàdàn. Ó ń gba elektrọ́nù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni, ó sì ṣòro kí ẹnikẹ́ni gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀: olè tó ń jàre olóhun.) Bí ẹ bá ti tò wọ́n ní ìdílé àti ìwọ̀n, àyè á ṣófo níbì kan. Ẹ má dí i. Ẹ kọ ohun tí ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ yóò jẹ́, ẹ fún ẹgbẹ́ mìíràn kí wọ́n lọ wá a.

Ọ̀rọ̀ irọ́ tó kù. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, wọ́n ní ká fi ásíìdì wọn omi kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti rẹ̀ mí, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo sì kọ ìyókù láti orí mi: 24.50, 24.50, 24.50. Olùkọ́ wa wò ó, wọ́n ní ọwọ́ èèyàn kì í gún tó báyìí, òfo ni wọ́n fún mi. Irọ́ nìyẹn, nítorí mo fi ohun tí mo ṣe pa mọ́. Ìwọ kò fi ohunkóhun pa mọ́. Bí mo bá ní "Ààlọ́ o", tí àwọn ọmọ dáhùn "Ààlọ̀", ta ló máa pe mí ní onírọ́ torí pé ìjàpá sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí Sátidé yín náà ní ohun tí ẹ ó máa ké kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tó kéré jù mọ̀ pé a ti wọlé, kó sì mọ̀gbà tí a jáde.

Síbẹ̀, ẹ̀rù bàbá yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Mo ti máàkì ìwé WAEC rí, mo mọ ohun tí ọmọ ń kọ. Àmì yín ni kí ẹ tún ṣe. Mo rí i pé ẹ kọ "Ga" fún Gáàríọ̀mù. Gallium ló ni Ga, ẹ dá a padà fún olóhun. Nínú ẹ́límẹ́ǹtì 118 tó wà, kò sí èyí tí lẹ́tà J wà nínú àmì rẹ̀. Kò sí Gb, kò sí Ẹ, kò sí Ṣ. Ilẹ̀ tiwa nìyẹn, ó ṣófo, ẹ kọ́lé síbẹ̀. Kò sí ọmọ tó máa kọ Gb sínú WAEC láì mọ̀ pé Mọ́kọ́lá ló ti gbọ́ ọ.

Kí n má gbàgbé: o mẹ́nu kan pé ẹ fẹ́ ra kọ́síìkì sódà àti háídírọ́ọ̀sì, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe aró, lọ́wọ́ àwọn aláró kí nǹkan lè máa yí àwọ̀ lójú àwọn ọmọ. Rárá. Sódà yẹn ń jẹ ẹran ara, ojú ló sì ń kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ tó ń yí, ẹ rẹ òdòdó ìṣápá pupa sínú omi gbígbóná, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife kan, ẹ bu omi eérú díẹ̀ sínú èkejì, àgbàlagbà ni kó bù ú. Ọ̀kan á pọ́n sí i, èkejì á yí padà sí àwọ̀ ewé tàbí búlúù.

Ẹni tó máa jẹ́ olùpamọ́ ló kù. Kì í ṣe ìwọ, torí ojú rẹ á tú àṣírí. Mo mọ àwọn ayàwòrán. Ẹ nílò ẹni tí ojú rẹ̀ le, tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà, tó lè dúró lẹ́yìn káńtà kó wo èèyàn lójú, kó ní "kò sí" láì rẹ́rìn-ín. Lọ kí bàbá apòògùn yẹn nílé, mú ọsàn dání, dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí o sì gbé agolo náà fún wọn.